Aṣọ Pupa Lára Kádò

Ọ̀nà kan wà tó la àárín ọgbà ẹ̀fọ́ màmá mi kọjá ní Ùsò, láti ibi tí ọgbà onípákó wa ti já títí dé ìdí kànga. Ẹnikẹ́ni kò dìídì la ọ̀nà náà. Ẹsẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló tẹ̀ ẹ́ di ọ̀nà, láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò wa ni obìnrin náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ará Àkókó tí ìjọba gbé wá sí Ùsò láti wá kọ́ àwọn ọmọ, tí kò sì padà sílé mọ́. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màmá Tíṣà. Láràárọ̀, kí oòrùn tó ga, yóò gba ibi tí ọgbà ti já wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé rẹ̀, yóò dúró sí àárín ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, yóò sì ké sí màmá mi.

"Ìyá Ítálì, ṣé ẹ ti jí, àbí kí n máa fa omi yín lọ?"

Màmá mi á dáhùn láti ilé ìdáná: "Ẹ máa fà á. Ṣebí etí ọmọ ọlọ́mọ lẹ fà títí ìjọba fi ní kí ẹ lọ sinmi."

Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á jókòó sórí kọnkéré ìdí kànga, wọn á máa mu tíì, wọn á máa sọ̀rọ̀ títí tíì á fi tutù. Èdè Ọ̀wọ̀ ni màmá mi ń sọ, Màmá Tíṣà á máa fi ti Àkókó dá a lóhùn, wọ́n sì máa ń gbọ́ ara wọn yé ju bí mo ṣe ń gbọ́ wọn lọ. Ìwé ni mò ń kọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn bí gbogbo ènìyàn ṣe lè kà á.

Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì. Láti ìgbà náà, màmá mi kì í sábà rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ìdí kànga yẹn ló ti ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn mi, ẹ̀rín kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, tí yóò wá já gaara lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí ẹ̀rín yẹn ṣe dákẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti bí ó ṣe jẹ́ pé èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, tí mo sì rò pé ewébẹ̀ ni mò ń tọ́jú.

Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà, mo sì ti padà sílé. Gbogbo ènìyàn ṣì ń pè mí ní Kọ́pà. Orúkọ náà máa ń dùn mí díẹ̀. Kò burú, àmọ́ ó ń rán mi létí pé wọn kò tíì rí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè pè mí. Mo ti kọ̀wé sí oríṣiríṣi ibi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ àti Àbújá. Mi ò lè jókòó sójú kan. Bí mo bá jókòó, á máa ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan ń pè mí níta. Bí mo bá sì jáde, á máa ṣe mí bí ẹni pé fóònù mi ń dún nínú ilé. Àwọn tírélà tó ń lọ sí ìhà òkè á máa kọjá lójú títì, ìró wọn á máa mi gíláàsì fèrèsé wa, mo sì máa ń rò pé gbogbo ayé ló ní ibi tó ń lọ àfi èmi. Mo mọ̀ pé àsọdùn ni. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò dá a dúró.

Màmá mi rí i. Ní ọjọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti gbá ibẹ̀ yẹn láàárọ̀. Ṣé o fẹ́ gbá a títí tí a ó fi kan omi ni? Kànga kan tó wa."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá nǹkan tí mo lè máa fi ọwọ́ mi ṣe. Ìletò kan ní Ítálì ló ń gbé, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pe màmá mi ní Ìyá Ítálì, ó sì ń tọ́jú ìyá arúgbó kan níbẹ̀. Ìyá náà ní ọgbà ẹ̀fọ́, ewébẹ̀ tó sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní kádò. Ẹ̀gbọ́n mi fi hóró rẹ̀ díẹ̀ rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé sí Benin, onítọ̀hún fi rán awakọ̀, mo sì lọ gbà á ní gáréèjì Ọ̀wọ̀. Ó fẹ́ jọ hóró bàrà, ṣùgbọ́n ó dúdú díẹ̀ jù ú lọ, ó ní ìlà lára, ó sì le bí èékánná.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. "Àbúrò mi, má jẹ́ kí ó bàjẹ́ o. Ewé rẹ̀ á tóbi, á funfun bí eérú, á ní ẹ̀gún. Wọn kì í jẹ ewé rẹ̀, ọ̀pá ewé ni wọ́n ń jẹ. Tó bá dàgbà tán, kó ewé rẹ̀ jọ sókè, kí o sì dì í pa kí oòrùn má rí i fún bí oṣù kan. Bí oòrùn bá rí i, á korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Bí kò bá rí i, á funfun, á sì rọ̀. Ṣé o gbọ́? Ìyá yìí ti ń bi mí bóyá ó ti hù, kí n tó rán an rárá."

Màmá mi gba fóònù, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dá a padà fún mi. "Nǹkan tó ní ẹ̀gún, tó sì korò, ni ẹ ń wá lọ sí Ítálì? Ṣé ewúro ò sí ní Ùsò ni?"

Síbẹ̀ ó fún mi ní ilẹ̀. Ebè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tó máa ń gbin gbúre sí, ló fún mi. Ó ní títí di ọdún Àjíǹde ni. Tí kò bá di ohun tí èèyàn lè jẹ kí Àjíǹde tó dé, gbúre òun á padà síbẹ̀.

Nígbà tí òjò dá lẹ́nu díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, tí ojú ọjọ́ ṣú tí ara sì tutù, mo rẹ hóró náà sínú omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ sínú ọ̀rá omi tí a ti mu tán, mo lu ihò sí wọn nídìí, mo sì ri hóró sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tò wọ́n sí abẹ́ àjà ẹ̀yìn ilé kí òjò má baà na wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdààmú dé. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀, mo máa ń bẹ̀ wọ́n wò lọ́sàn-án, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n wò nírọ̀lẹ́. Tí kò bá sí nǹkan, á dà bí ẹni pé lẹ́tà iṣẹ́ ni kò dé. Mo hú ọ̀kan níkẹyìn láti wò ó. Ó ti yọ gbòǹgbò funfun tín-ín-rín kan, mo sì ti ṣẹ́ ẹ.

Màmá Tíṣà wà níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Kọ́pà! Ṣé báyìí ni o ṣe máa ń ṣí ìwé ìdánwò wò kí wọ́n tó máàkì í?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn yòókù hù, tí wọ́n yọ ewé méjì méjì tó nípọn, òun ló kọ́kọ́ rí wọn. Mo gbé wọn lọ sórí ebè nígbà tí wọ́n lágbára díẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń ka orúkọ wọn láràárọ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà ní kíláàsì. Á dúró lójú ọ̀nà, á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Kádò kìn-ín-ní?"

Mo ní láti dáhùn fún un. "Ó wà, mà."

"Kádò kejì?"

"Ó wà, mà."

"Kádò kẹta?"

"Ìgbín ti jẹ ẹ́, mà."

"Ẹ lọ pe òbí ìgbín náà wá."

Òótọ́ ni pé ìgbín fẹ́ pa wọ́n tán nígbà tí òjò padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fọ́ èèpo ẹyin yí wọn ká, pé ìgbín kì í fẹ́ fi ikùn wọ́ lórí nǹkan mímú. Mo lọ bẹ ẹni tó ń dín ẹyin fún àwọn awakọ̀ ní oríta, ó kó èèpo fún mi, mo sì fọ́n ọn yí ìdí kádò ká. Àwọn ìgbín tí mo bá mú, màmá mi á sè wọ́n, èmi á sì kó ìkarahun wọn padà sí ìdí kádò. Mo rò pé àwọn ìgbín tó kù á rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ìgbín ń ronú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tù mí nínú.

Kádò dàgbà. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ń na ewé wọn sọ́nà, ewé gígùn aláwọ̀ eérú tó ní eyín bí ayùn. Ẹ̀gún wọn máa ń gbá aṣọ mú. Mo gún igi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gbé wọn dúró. Bí mo ṣe ń rí wọn, àyà mi máa ń balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún já pé bóyá wọn kò ní dàgbà tó.

Ní àkókò yìí kan náà, ata rodo màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Igi ata náà wà lẹ́yìn kádò, kò jìnnà sí ọ̀nà. Á pọ́n lónìí, kò ní sí mọ́ lọ́la. Màmá mi sọ ọ́ nídìí kànga, ohùn rẹ̀ sì ga.

"Ẹnì kan ń ká ata mi. Mi ò mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n yóò ta á lẹ́nu."

Màmá Tíṣà ń mu tíì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ẹnu Kọ́pà wò. Ẹni tí kò níṣẹ́ ló máa ń jẹ ata."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán. Èmi náà rò pé ó tán.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ní àsìkò ti tó láti dì wọ́n. Mo ya ìwé àpò sìmẹ́ńtì, nítorí pé ó nípọn, ìtànṣán oòrùn kì í gba inú rẹ̀. Mo kó ewé kádò kọ̀ọ̀kan jọ sókè, ẹ̀gún gún mi lápá títí, mo sì wé ìwé náà mọ́ wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ku ohun tí n ó fi so ó. Okùn máa gé ọ̀pá ewé náà. Mo rántí kọ́tìnì pálọ̀ wa àtijọ́ tí màmá mi ti pa tì. Mo fà á ya wẹ́wẹ́, mo sì fi so gbogbo wọn. Kọ́tìnì pupa ni.

Mo dúró mo wò wọ́n. Inú mi dùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti padà sílé tó ti fẹ́ parí, mo sì rò pé tí mo bá lè parí èyí, bóyá n ó lè parí nǹkan mìíràn. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Ítálì.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Tíṣà kò wá.

Màmá mi ní bóyá ó lọ sí Ìkàrẹ́. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo rí i lójú títì, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí, ó ń bọ̀ láti ibi bọ́họ́ọ̀lù ilé ìjọsìn Áńgílíkà. Ìrìn yẹn jìnnà, orúnkún rẹ̀ kò sì dára. Mo sáré láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, mo lè gbé e." Mo padà sílé, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ro gbogbo ohun tí mo ti sọ láti bí oṣù mélòó kan. Ó ti gbà mí níyànjú láti lọ ṣe ìdánwò olùkọ́, mi ò sì lọ. Bóyá ìyẹn ni. Tàbí nítorí pé mi ò kí i dáadáa lọ́jọ́ Kérésìmesì. Mo máa ń ṣe báyìí: ohunkóhun tó bá bàjẹ́, n ó kọ́kọ́ wá ara mi níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí n ó wò.

Màmá mi ń bu tíì rẹ̀ lọ sí ìdí kànga, ó sì ń mu ún lóun nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì fún àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Kò sí ẹ̀rín kankan. Ọ̀nà inú ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í hu koríko tín-ín-tìn-ìn-tín létí, nítorí omi tí mo ń bu sí kádò.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo lọ sí ilé Màmá Tíṣà. Ó jókòó sí ìloro, ó ń pa ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó ní. "Ẹ dìde. Ẹ wá jókòó."

Ara mi bù máṣọ. "Mà, ẹ̀yin ni ẹ ń pe èmi ní sà?"

"Àgbàlagbà ni yín. Ẹni tó bá ti lè pa ààlè, ó ti dàgbà."

"Ààlè kẹ̀, mà?"

Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ó ṣe máa ń ká a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jókòó.

"Aṣọ pupa?"

"Ó wà, mà."

"Ìkarahun ìgbín?"

"Ó wà, mà."

"Èèpo ẹyin?"

"Ó wà."

"Igi tí wọ́n gún mọ́lẹ̀?"

"Ó wà."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí èmi nìkan ń gbà, níwájú igi ata tí wọ́n ní ẹnì kan ń ká?"

Mo mọ ààlè. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ wa? Mo ti rí i lára igi ọsàn àti lórí ìdì igi ìdáná létí oko láti kékeré, àkísà àti ìkarahun tí àgbẹ̀ so mọ́ ohun rẹ̀ kí olè má fọwọ́ kàn án, kí ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lè wú. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kó nǹkan wọ̀nyẹn débẹ̀, oṣù kan yàtọ̀ sí èkejì, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdí tirẹ̀. Mi ò fìgbà kan wò wọ́n papọ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ń kọjá lọ.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù ló fà á, ẹ̀rín máa ń já bọ́ lẹ́nu mi nígbà tí kò yẹ.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, sà," ó ní. "Èmi ò bẹ̀rù ààlè. Mò ń gba ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sí ohun tí aṣọ kọ́tìnì máa fi mí ṣe. Mo tilẹ̀ mọ kọ́tìnì náà, èmi ni mo bá màmá yín rà á. Ohun tó dùn mí ni pé kò lè sọ ọ́ fún mi lójú. Ata! Ó mọ̀ pé tí mo bá fẹ́ ata, n ó ní 'ẹ fún mi ní ata'."

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé ìgbín, oòrùn, ìyá arúgbó ní Ítálì, ìdí tí mi ò fi lo okùn. Mo ṣàlàyé bí inú mi ṣe rí nígbà tí mo ń so ó. Mo gbọ́ ohùn ara mi bí ó ṣe ń gùn sí i, bí ẹni tó ń purọ́. Ó ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

"Mo ti gbọ́," ó ní.

Mo rò pé màmá mi á lọ bá a lójú ẹsẹ̀ tí mo bá sọ fún un, wọn á sì jọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sórí àpótí ilé ìdáná.

"Ó rò pé mo lè pa ààlè dè é? Èmi?" Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. "Ẹni tó sùn tì mí lórí ẹní nígbà tí bàbá yín kú, tí kò lọ sí ilé rẹ̀ títí mo fi lè jẹun. Kò wá bi mí. Ó kàn gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì gba ojú títì, kí gbogbo Ùsò lè rí i. Kí ó máa pọnmi ní bọ́họ́ọ̀lù."

"Mà, n ó tú wọn."

"Má tú nǹkan kan. Tí o bá tú u, á dà bí ẹni pé òótọ́ ni, pé nítorí àṣírí tú la ṣe yára kó o kúrò."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ìyẹn ló dá mi lágara. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ láti bínú, àwọn méjèèjì ló sì ń dúró de ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù náà kò tíì dé ìdajì, pé tí mo bá tú wọn báyìí, oòrùn á rí wọn, wọn á tún korò. Èmi gan-an kò fẹ́ tú wọn. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: kì í ṣe màmá mi nìkan ni mo ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Mo fẹ́ parí nǹkan kan. Mo ń rìn láti ìdí kádò dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kádò, mò ń sọ fún ara mi pé ó ku díẹ̀, pé wọn á parí ìjà wọn fúnra wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú gan-an, mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí màmá mi ń po tíì. Ó mú kọ́ọ̀bù méjì sọ̀kalẹ̀. Ó ti bu ṣúgà sínú méjèèjì kí ó tó rántí. Ó dúró díẹ̀, ó da ṣúgà inú ọ̀kan padà sínú agolo, ó fi ìka gbá èyí tó kù nídìí kọ́ọ̀bù, ó sì gbé e kọ́ padà. Kò mọ̀ pé mò ń wo òun.

Mo jáde lọ sí ọgbà. Màmá Tíṣà ń sá aṣọ sórí wáyà ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀, mo ń rí orí rẹ̀ lókè pákó. Mi ò fẹ́ tú wọn ní kọ̀rọ̀, nítorí ohun tí màmá mi sọ. Mo ké sí i.

"Màmá Tíṣà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ka orúkọ wọn."

Orí náà dúró sójú kan. Mo kúnlẹ̀ sídìí ti àkọ́kọ́, mo tú aṣọ pupa náà, mo ya ìwé sìmẹ́ńtì kúrò. Ewé náà ṣí sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀pá wọn, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti inú, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti pẹ́ nínú bàtà. Mo tú ìkejì. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ń gbọ́ tí sálúbàtà ń bọ̀.

Ó dúró sí ibi tí ọgbà ti já. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kádò ni, mà. Kò sí nǹkan mìíràn."

"Kí ló ṣe funfun báyẹn? Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?"

"Òkùnkùn ló mú un funfun. Kí ó má baà korò ni."

Ó wọlé. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí koríko tín-ín-tìn-ìn-tín ojú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké, ó fi ìka tẹ ọ̀pá ewé náà. "Ó mà rọ̀ o," ó sọ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọn ọwọ́. "Ó gún mi! Kọ́pà, ó gún mi!"

"Ṣé ẹ rí i?" Màmá mi ló sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i pé kò nílò ààlè? Òun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gún."

Màmá Tíṣà wo ìka rẹ̀, ó wo màmá mi.

"Ẹ̀yin ni ẹ ní ẹnì kan ń ká ata."

"Mo ní ẹnì kan. Ṣé ẹ̀yin ni ẹnì kan ni?"

"Èmi nìkan ni mò ń gba ibí."

"Nígbà náà, kí ló dé tí ẹ ò wá bi mí?"

"Kí ló dé tí ẹ ò wá pè mí nígbà tí ẹ rí i pé mi ò wá?"

Màmá mi wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀. "Tíì yìí ń tutù," ó ní. "Mi ò tíì bu tiyín." Ó yíjú padà wọ ilé ìdáná, mo sì gbọ́ tí kọ́ọ̀bù kejì dún bí ó ṣe mú un sọ̀kalẹ̀.

Mo na ọwọ́ sí kádò tó kù láti tú u. Màmá Tíṣà gbá mi lọ́wọ́.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣé ọjọ́ rẹ̀ pé ni?"

"Rárá, mà."

"Ta ló ní kí o tú ìwé ìdánwò wò kí wọ́n tó máàkì í?" Ó tún ti ń pè mí ní "o", mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n bọ́ kọ́tìnì yẹn kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ."

Ó padà sí ilé rẹ̀, ó mú àkísà búlúù kan wá, yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé àtijọ́ kan tó fi ń nu àga. Ó fà á ya, òun fúnra rẹ̀ ló so ó, kókó méjì, bí ẹni tó ń so bàtà ọmọdé.

A sè àwọn tí mo ti tú lọ́jọ́ náà. A bó ẹ̀gún àti fọ́nrán tó dà bí okùn lára wọn, a gé wọn sínú omi tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí kí ó má baà dúdú, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí. Nígbà tí màmá mi tọ́ ọ wò lẹ́yìn tó hó, ó fajú ro nítorí ó ṣì korò. Ló bá da omi rẹ̀ nù, ó bu iyọ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un bí ewúro, Màmá Tíṣà ń bá a da omi sí i. Wọ́n sè é pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí Màmá Tíṣà pa, a sì fi iyán jẹ ẹ́.

Màmá mi jẹ ẹ́ díẹ̀, ó rò ó. "Ó dà bí ewúro tó lọ sí yunifásítì."

"Tí kò sì tíì ríṣẹ́," ni Màmá Tíṣà fi kún un.

Ẹ̀rín màmá mi bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́. Mo gbé orí sókè nínú oúnjẹ mi láti dúró dè é, ó sì já gaara. Mi ò bínú sí àwàdà náà, bí mo tilẹ̀ ronú nípa rẹ̀ títí ọjọ́ kejì.

Mi ò tíì ríṣẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. A kò sì mọ ẹni tó ń ká ata náà títí di òní. Màmá Tíṣà ní èmi ni. Ara mi kì í balẹ̀ láàárọ̀, mo ṣì ń bẹ fóònù mi wò kí n tó fojú kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, kí n tó rí fóònù náà, mo gbọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó balẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Kádò tó kù?"

Mo ṣí fèrèsé. "Ó wà, mà!"

"Ìyá Ítálì, ẹ wá wo nǹkan tí ọmọ yín gbìn, ewé rẹ̀ tó yọ síta nínú ìwé ti tún gbá ìró mi mú o! Ẹ wá tú mi sílẹ̀, ẹ má dúró síbẹ̀ kí ẹ máa rẹ́rìn-ín!"